Oúnjẹ inú ọkọ̀ ojú omi kékeré olówó gọbọi: kí ni Màmá wa á máa jẹ?

Ọmọ Ìjàsí (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá. Àwa ọmọ Màmá wa fẹnu kò pé a fẹ́ gbé wọn lọ sórí òkun fún ayẹyẹ 70 ọdún wọn. Kì í ṣe inú àwọn ọkọ̀ gàgàrà tí èèyàn ń sọnù sí o. Ọkọ̀ kékeré ni àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yàn, èrò inú rẹ̀ kò ní ju 450 lọ. Piraeus ní ilẹ̀ Gíríìsì la ó ti wọkọ̀, a ó máa ya àwọn erékùṣù, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ítálì lẹ́yìn ọjọ́ méje.

A ti ń dá owó rẹ̀ jọ, ìyẹn kọ́ ni wàhálà mi. Ẹnu Màmá ni. Alhaja ni wọ́n, wọn kì í fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn. Ọbẹ̀ tí kò bá sì ta, wọ́n á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Àbúrò mi fi àpẹẹrẹ mẹ́nù ránṣẹ́ sí mi: ẹja tí iná ò kàn, ẹyin ẹja, ẹran màlúù tí àárín rẹ̀ ṣì pọ́n. Mi ò fẹ́ ká ná irú owó yìí tán kí ìyá wa wá máa fi búrẹ́dì àti tíì sùn. Ẹni tó bá ti jẹun nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó mọ̀. Ṣé mo sì lè di gàárì dání?

Ará Màkún (Ṣágámù)

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ ìbí Màmá. Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ owó yẹn á ṣe ohun tó máa pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Fàláwò, ẹrù á kún un bámúbámú. Ọjọ́ méje lórí omi, tí oúnjẹ ibẹ̀ ò tún ní bá wọn lẹ́nu mu, kí lèrè rẹ̀?

Ọmọ Ìjàsí (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, inú mi ò bàjẹ́. Màmá ti ní ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ ni wọ́n fi tọ́ wa, wọ́n ń sè é, wọ́n ń tà á, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì máa ń jẹun. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí wọ́n jókòó kí ẹlòmíì gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Alásè Ìpẹru (Ìpẹru Rẹ́mọ)

Ọmọ Ìjàsí, ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá máa jẹun. Mo ti dáná nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó padà wálé, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye èrò. Ọkọ̀ gàgàrà tó ń jẹ́ Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, lè gba èrò tó ju 7,000 lọ. Seabourn Quest, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Seabourn, tó ti ń rìn láti 2011, nǹkan bí 450 ló ń gbé. Ọkọ̀ méjèèjì tí ilé-iṣẹ́ SeaDream ní, tí wọ́n kàn ní 1984 àti 1985, 112 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì tó 95. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ kan fún èrò kan. Ibẹ̀ gan-an ni adùn oúnjẹ wọn ti ń wá. Alásè tó ń dáná fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àfi kó ti sè é sílẹ̀. Alásè tó ń dáná fún díẹ̀ lè dúró kí o sọ ohun tí o fẹ́ kó tó gbé páànù kaná.

Kò sí iná gáàsì ní kíṣìnì wa. Iná mànàmáná ni gbogbo sítóòfù, torí kò sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú ọkọ̀ ojú omi tó ìjàǹbá iná. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí sítóòfù ká kí ìkòkò má baà yọ̀ bọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń fì. Tí kápẹ́nì bá ti kéde pé ìgbì ń bọ̀, a kì í bu ọbẹ̀ kún ìkòkò mọ́, ìdajì la ń bù ú. A ó rin aṣọ ìnura, a ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́ kí àwo má baà sáré. Gbogbo ìyẹn ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó jókòó nílé oúnjẹ ò ní gbọ́ ariwo àwo kan ṣoṣo.

Ní ti jíjókòó, wọn kì í sọ pé tábìlì báyìí ni tiyín, aago báyìí ni kí ẹ dé. Ẹ wọlé nígbà tó bá wù yín láàárín àkókò tí ilé oúnjẹ fi ṣí, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó wù yín. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, oúnjẹ, ohun mímu àti owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nínú owó tí ẹ san. Bó bá sì rẹ Màmá, wọ́n á gbé oúnjẹ wá sí yàrá. Kì í ṣe kí wọ́n kó o jọ sórí tíréè o: wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n á máa gbé àwo wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń pààrọ̀ èrò ni ẹrù oúnjẹ ń wọlé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ akẹ́rù á ti tò sí èbúté, a ó máa yẹ àpótí ẹja wò, a ó máa ki irin ìwọ̀n-ooru bọ̀ ọ́, èyí tí òtútù rẹ̀ ò bá tó, a ó dá a padà. Ohun tí a ò bá kó lọ́jọ́ náà, kò sí ọjà lórí omi. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kó dín ní oṣù méjì sí ìrìnàjò.

Ìyá Alásè (Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Alásè Ìpẹru, Ọlọ́run á máa fún un yín lókun. Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà rèé, ìnáwó ni mò ń sè fún, lásìkò Ojúde Ọba orun kì í kan ojú mi. Ohun tí ẹ sọ yé mi dénú egungun. Ìrẹsì tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀ àti èyí tí mo bù láti orí iná fún ẹni tó jókòó níwájú mi, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jáde, wọn ò lè dọ́gba lẹ́nu.

Ìbéèrè mi nìyí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Màmá yìí. Ṣé àwọn alásè yẹn lè se ìkọ́kọrẹ́ bí èèyàn bá bẹ̀ wọ́n? Kò le. Kí wọ́n rin ewùrà, kí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ọbẹ̀ ata àti epo pupa ti máa hó lórí iná pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ já a sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì gbàgbé ṣíbí. Ẹni tó bá rò ó kó tó jinná, gbogbo rẹ̀ á di àsáró. Tó bá ti dì, kí wọ́n wá rọra rò ó. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Alásè Ìpẹru (Ìpẹru Rẹ́mọ)

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Alásè àgbà ọkọ̀ kékeré á ka ìwé yín, inú rẹ̀ á sì dùn sí i, torí àwọn náà máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọn ò sè rí. Ìṣòro ibẹ̀ ni ewùrà. Ẹni tó ń kó ẹrù fún ọkọ̀ ní Piraeus kò ní i lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n fún ohun tí wọ́n máa fi ọ̀dùnkún gbé jáde, kí Màmá wá máa wò ó tìyanu-tìyanu.

Ẹja ni kí ẹ béèrè. Òkun yẹn lẹ́ja, ọkọ̀ kékeré sì ń wọ èbúté tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀. Alásè àgbà lè sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ lọ sọ́jà ẹja. Àwọn Seabourn tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí èrò tẹ̀ lé alásè lọ. Kí Màmá bá wọn lọ! Ẹni tó ti taja rí, tó mọ bí a ṣe ń ṣí etí ẹja wò bóyá ó ṣì pọ́n, á gbádùn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ju oúnjẹ alẹ́ lọ. Ẹja tí wọ́n bá rà, ẹ ní kí wọ́n sè é lọ́bẹ̀ aláta, kí wọ́n fi ìrẹsì funfun sí i.

Ọ̀rọ̀ ata, ẹ jẹ́ n tú àṣírí kan. Àwa òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ tiwa nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọmọ Filipíìnì, ọmọ Íńdíà, ọmọ Indonéṣíà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìrẹsì kì í tán, ata kì í wọ́n. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún yín pé ata tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ń jẹ ni Màmá ń fẹ́. Wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ (Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ)

Ẹ jẹ́ n dá sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, torí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà á.

Oúnjẹ alẹ́ irú ibẹ̀ yẹn lè gùn. Àwo kékeré kékeré ló ń tẹ̀ léra, èèyàn á sì máa sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Bó bá jẹ́ pé Màmá ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí ń lo oògùn tó máa ń já ṣúgà wálẹ̀ kíákíá, kí wọ́n má lò ó ní yàrá kí wọ́n wá lọ jókòó de oúnjẹ tí kò tíì dé. Orí á máa fò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìgbà míì wọ́n á dákú. Ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́ kí ẹ tó lọ: ìgbà wo ni kí wọ́n lò ó bí oúnjẹ bá ń wá ní díẹ̀díẹ̀? Kí ẹ sì bẹ àwọn tó ń gbé oúnjẹ pé kí ohun tó ní ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún nínú tètè dé iwájú wọn.

Oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wọkọ̀, wọ́n á gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ó lè pẹ́ kó tó dé yàrá.

Èkejì ni ọwọ́ fífọ̀. Kòkòrò norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, fẹ́ràn ibi tí èèyàn pọ̀ sí tí wọ́n jọ ń jẹun. Jẹ́lì tí wọ́n ń fún séèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kò ràn án dáadáa. Ọṣẹ àti omi ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ kan búrẹ́dì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíṣìnì ọkọ̀ kan mọ́, àwọn Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté wọn wò. Wọ́n ń fún un ní máàkì nínú 100, ọkọ̀ tó bá gba 85 tàbí tó kéré sí i ti féèlì nìyẹn, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Bí ọkọ̀ yín bá ti dé Amẹ́ríkà láìpẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ìyàwó Ìlíṣàn (Ìlíṣàn Rẹ́mọ)

Èmi àti ọkọ mi ti lọ sínú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú èrò ń rí.

Àwo yẹn fẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Kí ẹ má wulẹ̀ dààmú bíi tiwa: bó bá dùn mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n tún gbé e wá. Kò sí owó lórí rẹ̀, wọn ò sì ní fojú burúkú wò yín. Bí méjì bá wù yín lórí mẹ́nù, ẹ gba méjèèjì.

Ẹyin ẹja tí Ọmọ Ìjàsí rí lórí mẹ́nù, káfíà ni wọ́n ń pè é, inú ẹja sturgeon ni wọ́n ti ń mú un. Ó dúdú, ó ń dán, bí o bá fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu á bẹ́, omi iyọ̀ á jáde. Àwọn Seabourn máa ń ṣe é lọ́nà kan: wọ́n á mú èrò lọ sétíkun, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú òkun pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn, wọ́n á máa bù ú fún ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ní tèmi, kò bá mi lẹ́nu mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n gbé edé yíyan wá.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé kì í ṣe oúnjẹ olówó ńlá kankan. Alẹ́ àkọ́kọ́, mo béèrè omi gbígbóná pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí inú mi kì í gba omi tútù lálẹ́. Láti ọjọ́ kejì títí a fi sọ̀ kalẹ̀, mi ò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ mọ́. Bí mo bá ti jókòó báyìí, ife ti wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ti wà létí rẹ̀. Ilé oúnjẹ kejì ni a jẹun lọ́jọ́ kan, lókè gbangba, ọ̀tọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ife náà dé síbẹ̀. Wọ́n ń sọ fún ara wọn. Ohun tí ọkọ̀ kékeré lè ṣe fún Màmá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó aṣọ òfì àti gèlè dání o. Àwọn alẹ́ kan wà tí èrò máa ń múra. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀, kápẹ́nì fúnra rẹ̀ wá kí wa lórí tábìlì.

Alhaja Ìta-Ọ̀ṣun (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọmọ Ìjàsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀" kí ẹ sì rò pé ó tán. Ẹran tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì di hàlálì. Bóyá adìyẹ ni, bóyá màlúù ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè rà èyí tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn wa. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí Màmá dúró sórí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ọtí náà ń sá pamọ́. Àwọn òyìnbó ń da wáìnì sí omi ọbẹ̀, wọ́n ń dà á sí èso tí wọ́n fi ń parí oúnjẹ. Oúnjẹ dídùn tó máa ń gbọ̀n rìrì bí ẹ bá fọwọ́ kan àwo, jẹ́látín ló mú un dì, awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń rí jẹ́látín láti ara rẹ̀. Ẹ tún béèrè òróró díndín: ṣé òun náà ni wọ́n fi dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀? Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ará Màkún (Ṣágámù)

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń wù mí díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gàárì ń kọ́? Ẹ ò tíì dá a lóhùn. Ẹ má gbàgbé físà pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ náà bá máa ya Tọ́kì kó tó padà sí Gíríìsì, físà Schengen (ìyẹn físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù) alẹ́ẹ̀kan-wọlé kò ní gbé wọn.

Alábòójútó

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ físà lọ sí yàrá ìjíròrò tirẹ̀, ká lè parí ti oúnjẹ níbí.

Aṣọ́bodè Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọ̀rọ̀ gàárì, mo lè sọ ọ́. Gíríìsì àti Ítálì, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló de méjèèjì. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, wàràkàṣì, ẹ fi sílé. Ẹja gbígbẹ ń lọ, tí kò bá ju 20 kg lọ fún ẹnì kan. Èso àti iṣu tútù, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2019, àfi kó ní ìwé ẹ̀rí ìlera irè oko. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ kò ju ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínù àti èso durian lọ. Torí náà, ìyá wa Ìyá Alásè, ewùrà ò lè bá wọn lọ nínú báàgì bẹ́ẹ̀.

Gàárì kì í ṣe ẹran, kì í ṣe wàrà, wọ́n sì ti yan án. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì ní páálí tàbí ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò lè kà á. Èyí tí ẹ bù sínú ọ̀rá dúdú láti inú àpò, wọ́n á máa wò ó bí ohun míì.

Alásè Ìpẹru (Ìpẹru Rẹ́mọ)

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn gba ohun tí ilé-iṣẹ́ dì pa, wọn ò gba ohun tí a sè nílé. Kẹ́tùlù iná, sítóòfù kékeré, áyọ́ọ̀nù, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ iná tí mo sọ lókè. Ṣùgbọ́n gàárì Ìjẹ̀bú kò fẹ́ iná. Omi tútù ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé omi yìnyín àti ẹ̀pà wá sí yàrá.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ (Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ)

Kí ó jẹ́ ìwọ̀nba o! Ife kékeré, láìsí ṣúgà, kí ó rọ́pò ìrẹsì tàbí búrẹ́dì ìgbà yẹn, kí ó má ṣe lé e lórí.

Ọmọ Ìjàsí (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Màmá. Nígbà tí mo dé ibi ọjà ẹja, wọ́n ní kí n tún un kà. Ohun tí mo kọ rèé, àbúrò mi á túmọ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀:

"Ìyá wa á pé 70 ọdún nínú ọkọ̀ yín. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, tàbí jẹ́látín rẹ̀. Wọn kì í jẹ ohun tí ọtí wà nínú rẹ̀, títí kan omi ọbẹ̀ àti oúnjẹ dídùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bí ẹ bá lè rí ẹran hàlálì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹja ni kí ẹ fún wọn, kí ó jinná dáadáa. Wọn ò fẹ́ràn ohun tútù, wọn ò fẹ́ràn wàràkàṣì, wọ́n fẹ́ràn ata gan-an. Wọ́n á fẹ́ bá alásè yín lọ sọ́jà ẹja."

Alásè Ìpẹru (Ìpẹru Rẹ́mọ)

Ó dáa púpọ̀. Ẹ ṣàtúnṣe díẹ̀ sí i. Ẹ ya ohun tí Màmá kò gbọ́dọ̀ jẹ sọ́tọ̀ sí ohun tí wọn ò fẹ́ràn, kí èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ wà lókè. Ní kíṣìnì, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, olórí alásè ló ń fọwọ́ sí i kí àwo tó jáde. Ti èkejì, ẹni tó ń gbé oúnjẹ ló ń rántí rẹ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, wàràkàṣì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ á jọ wà lórí ìlà kan náà, ẹni tó ń kánjú lè mú méjèèjì ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú.

Ẹ fi òróró díndín tí Alhaja sọ kún un. Ẹ kọ orúkọ oògùn àtọ̀gbẹ náà àti aago tí wọ́n ń lò ó.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá wọkọ̀, búfẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, àwọn alásè ò sì tíì mọ ojú yín. Kí Màmá má bu nǹkan kan níbẹ̀ láìbéèrè. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yìí dání, ẹ wá olórí ilé oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ alásè àgbà kí aago oúnjẹ alẹ́ tó lù.